Àbẹ́là Méje, Orúkọ Mẹ́jọ

Fún ọdún mẹ́tàdínlógún tí Oyèbọ́lá fi tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan lápá Abbey Wood ní London, kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò kò dá a dúró, yìnyín kò dá a dúró. Ọjọ́ tí àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Glyndon Estate tó ń gbé, aago méje kò sì tíì lù tó fi ti ń so okùn épúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ibùsùn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a dọ́gba. Bí ó bá sọ fún arúgbó kan pé òun ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kì í di mẹ́fà. Irú àwọn ènìyàn tí a fi ìwà bẹ́ẹ̀ tọ́ ti ń tán lọ láàárín wa.

Nígbà tí orúnkún kò gbà fún un mọ́, tó sì fẹ̀yìntì ní ọdún 2018, àwọn ará ibi iṣẹ́ fún un ní káàdì tí gbogbo wọn fọwọ́ sí àti kéèkì kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, láìsí àmì kankan lórí lẹ́tà kankan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀: báàjì onífọ́tò tó máa ń fi kọ́ ọrùn. Òun náà kò rán wọn létí. Ó gbé e kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, bí ó bá sì gbálẹ̀ tán láàárọ̀, a fi aṣọ nu àwọn méjèèjì, ọkọ ṣáájú, báàjì tẹ̀lé e.

Báyìí ló rí títí di oṣù Kẹta ọdún 2020. Òtútù ọdún yẹn ti kọ̀, kò fẹ́ lọ. Ìròyìn àrùn Kòrónà ti gba ẹnu gbogbo ayé, àwọn ará Woolwich sì tú síta bí ìgbà tí a da omi gbígbóná sí ojú ihò èèrà. Lójú ọ̀nà Powis Street, ènìyàn ń sáré pẹ̀lú ìdì tíṣù lábíyá. Lọ́jọ́ Ajé, Oyèbọ́lá dé ilé ìtajà ńlá tó ti máa ń rajà, kò bá ìrẹsì, kò bá ẹ̀wà inú agolo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò bá mílíìkì. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó dúró níwájú àtẹ tí ẹyin máa ń wà, ó sì rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju pátákó tinrin tí wọ́n kọ iye owó sí àti ẹyin kan tó ti fọ́, tí omi rẹ̀ ti gbẹ mọ́ irin.

Ká sọ òtítọ́, ebi kò pa á. Gàárì rẹ̀ kún inú ike, èlùbọ́ wà nínú káńbọ́ọ̀dù, ẹja gbígbẹ wà, ìrẹsì tó lè jẹ fún oṣù kan wà lábẹ́ tábìlì. Obìnrin kan ṣoṣo ni nínú ilé oníyàrá méjì. Àmọ́ kì í ṣe ebi ló mú un lọ́rùn níwájú àtẹ òfìfo yẹn. Ọdún 1984 ni.

Ní ọdún náà, ní Ìkirè, ìjọba ń pín ọjà tí a ń pè ní ẹsẹ́ńkò: súgà, mílíìkì, ọṣẹ, òróró. Bàbá Oyèbọ́lá, Tísà Adégbóyè, jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fẹ́rànmí, ọmọ Oyèbọ́lá, jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún, ọmú ìyá rẹ̀ kò sì sun tó. Bàbá mú àpò, ó lọ tò sórí ìlà láti ìdájí. Ẹni tó ń pín ọjà ti jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí, ó sì ń ké sí i láti iwájú pé, “Tísà, ẹ máa bọ̀ níbí.” Bàbá ní, “Mo dúró sẹ́yìn ẹni tó ṣáájú mi.” Ọ̀sán pọ́n, ìlà ń rìn, nígbà tó sì ku ènìyàn mẹ́rin kí ó kàn án, ọjà tán. Ó padà wálé, ó ká àpò òfìfo náà sí mẹ́rin, ó fi sórí àga.

Oyèbọ́lá gbé ọmọ tó ń ké dání, ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ní, “Bàbá, ṣé òótọ́ inú yín ni ọmọ yìí máa mu?”

Bàbá kò dáhùn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó wọ yàrá. Ọdún méje lẹ́yìn náà ló kú, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Oyèbọ́lá ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, òun kọ́ ni yóò ku ènìyàn mẹ́rin kí ó kàn.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà náà. Ìwé náà sọ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, láti aago méje sí mẹ́jọ, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nìkan ni yóò wọlé, kí oníkálukú fi báàjì rẹ̀ hàn. Oyèbọ́lá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó délé, kò bọ́ kóòtù kó tó lọ dúró níwájú ìṣó.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù náà, kò wọ aṣọ ilé. Ṣòkòtò iṣẹ́ ló wọ̀, àti ẹ̀wù aláwọ̀ aró tó ti wà nínú àpótí fún ọdún méjì. Ó fi báàjì kọ́rùn. Kò wo àwòrán ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, ọ̀dọ́kùnrin ṣẹkiọ́ríìtì wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, kò wo nǹkan mìíràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ ribiribi tó ń ṣe. Oyèbọ́lá mi orí. Ìdúpẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí a fi aṣọ tútù sí ènìyàn lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ rẹ̀ ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Ẹyin tó kù lórí àtẹ jẹ́ páálí márùn-ún, méjìlá-méjìlá. Ó kó gbogbo rẹ̀. Ó kó mílíìkì, ó kó ìrẹsì, ó kó tíṣù, ó kó parasitamọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó, ìyẹn nawọ́ sí ìwé tó wà lára ògiri, pé ènìyàn kò gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú irú ọjà kan. Oyèbọ́lá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ní, “Ti àwọn arúgbó mi ni.” Ọ̀rọ̀ náà dún bí òótọ́. Wọ́n jẹ́ kó kọjá.

Níta, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó ń ti kẹ̀kẹ́ irin tó kún fọ́fọ́ lọ nínú òjò wínniwínni, nígbà tí ẹnì kan pè é.

“Mọ́mì! Ẹ káàárọ̀ mà!”

Ìyèbíyè ni, nọ́ọ̀sì ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ìjọ Aládùúrà wọn ní Plumstead mọ̀ láti ìgbà tó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ti padà sí Ṣàgámù. Oyèbọ́lá kò tíì sọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, nínú omi òjò, tòun ti bàtà iṣẹ́.

“Dìde, dìde jàre, ilẹ̀ tutù.”

“Ṣé ẹ ti padà síṣẹ́ ni, mà?”

Ìdáhùn tó yẹ kò gùn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ṣùgbọ́n báàjì wà láyà rẹ̀, ọjà sì wà níwájú rẹ̀, ọmọ tó kúnlẹ̀ fún un sì ń wojú rẹ̀.

“À ń gbìyànjú ni, ọmọ mi.”

“Há! Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn? Ọlọ́run á fún yín lókun, mà.” Ojú Ìyèbíyè sọ̀kalẹ̀ sára báàjì náà, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì gòkè padà. “Àwa ọ̀dọ́ gan-an, ó ti rẹ̀ wá. Wákàtí mẹ́tàlá ni mo fi dúró láti àná, mi ò rí àyè jẹun. Mọ́mì, ṣé ẹyin ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù? Ẹyin ṣáá ni mo fẹ́, kí n sè é, kí n jẹ ẹ́, kí n sùn.”

Ọgọ́ta ẹyin wà lábẹ́ ìdì tíṣù. Ìka Oyèbọ́lá le mọ́ irin kẹ̀kẹ́.

“Tètè wọlé,” ni ó wí. “Bóyá wàá bá díẹ̀.”

Ó rọra ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, ó kó ẹrù sínú báàgì onítáyà rẹ̀ méjì, ó sì yí ẹ̀yìn sí ilé ìtajà. Síbẹ̀ ó rí ìgbà tí Ìyèbíyè jáde. Ìdì bísíkíìtì kan ló mú dání. Ọmọ náà gòkè sínú bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dé, ó jókòó sórí ìjókòó iwájú, ó gbé orí lé gíláàsì fèrèsé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Oyèbọ́lá se ẹyin méjì. Ó bó wọn, ó bu iyọ̀ sí wọn. Ó fi àwo bò wọ́n, kò jẹ ìkankan.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ìjọ ti ti ilẹ̀kùn. Ojú tẹlifóònù ni wọ́n ti ń jọ́sìn, lórí ohun tí wọ́n ń pè ní Súùmù, tí Fẹ́rànmí ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Wòólìí Sàlàkọ́, olùṣọ́ ìjọ, nìkan ló wà nínú ilé àdúrà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, àwọn yòókù sì wà nínú ihò kéékèèké lójú gíláàsì, ẹlòmíràn fi orí nìkan hàn, ẹlòmíràn fi àjà ilé hàn.

Àṣà ìjọ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dá a sílẹ̀ ni pé, bí ewu bá dojú kọ àwọn ọmọ ìjọ, a ó tan àbẹ́là kan fún orúkọ kan, a ó sì máa tan àbẹ́là kan náà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, títí yóò fi jó tán. A kì í so orúkọ méjì mọ́ ẹyọ kan. Ẹni tí a tan án fún yóò gbé abọ́ omi síwájú nílé rẹ̀, yóò sì mu ún lẹ́yìn àdúrà.

Wòólìí gbé páálí àbẹ́là sókè kí gbogbo wọn rí i. “Ẹ̀yin ará, méje ló kù. Ibi tí a ti ń rà á ti ti ilẹ̀kùn. Orúkọ àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn tí mo kọ sílẹ̀ sì jẹ́ méje.”

Juliana, Ìyá Ìjọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, já lu ọ̀rọ̀. “Bàbá, mẹ́jọ ni o! Ẹ gbàgbé Ìyá Fẹ́rànmí. Ìyá wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ní ọjọ́ orí yẹn! Ìyèbíyè pàdé wọn lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.”

Ariwo “Háà” àti “Olúwa ṣeun” bo ojú tẹlifóònù. Oyèbọ́lá rí ojú ara rẹ̀ nínú ihò tirẹ̀, ó rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀. Àmì kékeré tí a ń tẹ̀ kí ohùn ẹni lè jáde wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

“Méje ló kù,” Wòólìí tún wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Báwo la ó ti ṣe é?”

Ihò kan tàn. Ìyèbíyè ni, irun rẹ̀ wà nínú ìborí, ó jókòó sórí ibùsùn.

“Bàbá, ẹ tan tèmi fún Mọ́mì. Èmi ṣì kéré.”

“Ṣé ó dá ọ lójú, ọmọ mi?”

“Ó dá mi lójú, sà.” Lẹ́yìn náà, kò pa ohùn tẹlifóònù rẹ̀, ó ń wo iwájú. Ó dàbí ẹni tó ń retí nǹkan. Oyèbọ́lá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan. Wòólìí fa orúkọ kan yọ lára àbẹ́là keje, ó kọ òmíràn sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó sì ṣáná.

Omi tó lọ bù sínú abọ́ kò ju ife kan lọ. Ó pẹ́ kó tó mu ún tán.

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́rànmí pè é láti Thamesmead. Ọmọ oṣù márùn-ún ìjelòó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ó sì mọ bí a ṣe ń bá ìyá ẹni wí láì gbàgbé ọ̀wọ̀.

“Mọ́mì, kí ni mo ń gbọ́ yìí? Wọ́n ní ẹ ti padà síṣẹ́?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìyá Ìjọ ti fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ mẹ́fà tó ń pàtẹ́wọ́. Ṣé ẹ padà àbí ẹ ò padà?”

“Mi ò padà.”

“Kí ló wá dé tí wọ́n tan àbẹ́là fún yín?”

“Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n gbàdúrà fún mi?”

“Mọ́mì!” Fẹ́rànmí mí kanlẹ̀. Ohùn àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá orí adágún Thamesmead ń dún lẹ́yìn rẹ̀. “Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní àṣìṣe ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí mo bá já ìlà, kí n padà sẹ́yìn.”

“Màá pè wọ́n.”

Kò pè wọ́n. Ó pinnu pé lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó di ọ̀la. Ní aago mẹ́fà ojoojúmọ́, ó ń wo àbẹ́là keje bí ó ti ń kúrú, orúkọ rẹ̀ ní ara rẹ̀, ó sì ń mu omi. Ó gbé ẹyin kúrò nínú kíṣìnì lọ sí abẹ́ ibùsùn, ó tún gbé e láti abẹ́ ibùsùn lọ sínú bálùwẹ̀, bí ẹni pé ibì kan wà nínú ilé náà tí kò ti ní í rí i. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Tàbí ká sọ pé ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kò sọ. Ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì gbà pé bàbá kò ní ìdáhùn ni kò ṣe dáhùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e pé ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wà, kó jẹ́ pé bàbá ò fẹ́ fi ká ọmọ rẹ̀ lára.

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ìlú jáde sójú fèrèsé láti pàtẹ́wọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìwòsàn. Oyèbọ́lá ṣí ilẹ̀kùn fáráǹdà rẹ̀ díẹ̀, kí òun náà lè pa tirẹ̀. Òyìnbó àgbàlagbà tó ń gbé ní òdìkejì, tó ti rí i lọ́jọ́ Ẹtì tòun ti aṣọ iṣẹ́, ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Bó ṣe gbójú sókè tó rí i, ó na ṣíbí náà sí i, ó kígbe sí àwọn ará ilé yòókù, gbogbo wọn sì kọjú sókè sí fáráǹdà Oyèbọ́lá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Ọmọdé kan ju ọwọ́ sí i. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó padà sínú ilé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyín náà ń wọlé tọ̀ ọ́ wá láti abẹ́ ilẹ̀kùn bí omi.

Kò tíì dìde tí tẹlifóònù fi dún. Juliana ni, ohùn rẹ̀ kò sì ní àríyá kankan nínú.

“Ìyá Fẹ́rànmí, ẹ gbàdúrà o. Ìyèbíyè ti dùbúlẹ̀. Ibà, ikọ́, kò lè gbọ́ òórùn nǹkan. Òun nìkan ló wà nínú ilé, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ti sá lọ sọ́dọ̀ òbí wọn. Ọmọ tó ní kí wọ́n tan tòun fún yín! Ẹ wo bí ayé ṣe rí.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà àdúrà, ènìyàn tó wà lójú Súùmù pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ìròyìn àìsàn náà. Wòólìí Sàlàkọ́ ti mú ìṣáná dání. Oyèbọ́lá tẹ àmì náà. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó mú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣáná.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni. Ìyá Fẹ́rànmí.” Ó ti wéwèé ọ̀rọ̀ dáadáa láti òwúrọ̀, ó ti tò ó bí ó ti máa ń to aṣọ ibùsùn. Kò rí ìkankan nínú rẹ̀ lò. “Mi ò padà síṣẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti kúrò níbẹ̀. Báàjì àtijọ́ ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù ní wákàtí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Mo kó ẹyin tó kù níbẹ̀. Ìyèbíyè bi mí bóyá ó ṣì wà, mo ní kó wọlé lọ wò ó. Ó wà lọ́wọ́ mi, mo ní kó wọlé lọ wò ó. Àbẹ́là yẹn kì í ṣe tèmi.”

Láti inú ihò kan, ẹnì kan tó gbàgbé láti pa ohùn rẹ̀ wí pé, “Jésù!” Ẹlòmíràn ní, “Ìyá Ìjọ, ẹ pa ohùn yín, ẹ jọ̀ọ́.” Fẹ́rànmí wà nínú ihò tirẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu.

Wòólìí kò bá a wí. Ó yọ bébà kúrò lára àbẹ́là keje, ó yí i padà, ó kọ orúkọ Ìyèbíyè sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún lẹ̀ ẹ́. Ohun tó kù nínú àbẹ́là náà kò gùn ju ìka àárín lọ.

“Ti òní àti ti ọ̀la ló kù fún un,” ni ó wí. “A ó fi èyí tó kù ṣe é. Ìyá Fẹ́rànmí, omi tó wà níwájú yín, ẹ má mu ún.”

Oyèbọ́lá dà á sínú ihò omi kíṣìnì, ó padà wá kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí kò gbà fún un, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ṣe àmín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kó gbogbo ọjà náà sínú báàgì onítáyà méjèèjì. Ó fi ìgò ọbẹ̀ ẹja tútù àti ata rodo kún un. Ó rìn gba Plumstead Road dé àwọn ilé gogoro tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Connaught Estate nígbà tí ilé ibẹ̀ ṣì ní biríkì tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kàn. Ó gbé ẹrù sẹ́nu ọ̀nà Ìyèbíyè, ó kan ilẹ̀kùn, ó sún sẹ́yìn.

“Ta nìyẹn?” Ohùn náà ti há.

“Èmi ni. Má ṣí i. Mo gbé nǹkan wá. Ìyèbíyè, mo wá bẹ̀ ọ́.”

Ìró ẹsẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀kùn, ó dúró. Ikọ́ mú un, ó wú u títí ó fi rọlẹ̀.

“Mo ti mọ̀, mà.”

“Wọ́n ti sọ fún ọ nípa ti àná.”

“Rárá. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo rí déètì ara báàjì. Iṣẹ́ wa ni, mà, a kì í gbé oògùn láìwo déètì rẹ̀, ojú mi ti mọ́ ọn lára. Ọdún 2018 ló wà níbẹ̀.”

Oyèbọ́lá fi ọwọ́ di ògiri mú. “O mọ̀ ọ́n, o sì dákẹ́?”

“Kí ni ǹ bá sọ? Ẹgbẹ́ ìyá mi ni yín. Inú bí mi o. Mo sunkún délé lórí bọ́ọ̀sì. Mo sọ fún Ìyá Ìjọ pé mo pàdé yín tòun ti aṣọ iṣẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo rò pé tí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ máa ní rárá. Mo tún wá ní kí wọ́n tan tèmi fún yín. Mo ní, àgbàlagbà wo ló máa gbà á? Ẹ máa sọ ọ́ wàyí.” Ikọ́ tún mú un. “Ẹ ò sọ ọ́.”

Kò sí ohun tí obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta lè fi dá ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lóhùn níbẹ̀. Oyèbọ́lá wá mọ bí ìdákẹ́ bàbá rẹ̀ ti rí lẹ́nu.

“Ẹ fi páálí ẹyin kan sílẹ̀, mà, àti ọbẹ̀ yẹn,” ni Ìyèbíyè wí níkẹyìn. “Mi ò lè jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ìyókù lọ síbi tí ẹ sọ pé ẹ ń gbé e lọ. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù sọ fún mi pé ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn arúgbó.”

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Abbey Wood, bí ti ọjọ́ tí àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, báàgì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó sì ń sinmi lórí gbogbo bẹ́ǹṣì tó bá lójú ọ̀nà. Ilé ìtọ́jú náà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Ó to ọjà náà sẹ́nu ọ̀nà, ìrẹsì lábẹ́, ẹyin lókè, igun wọn dọ́gba. Lórí páálí òkè pátápátá, ó gbé báàjì sí, ó yí fọ́tò rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Ó tẹ aago, ó sì ti kọjá gééètì kí ẹnikẹ́ni tó jáde.

Ìyèbíyè dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọlọ́run bá a ṣe é, ó dìde, ó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìjọ, kò sẹ́ni tó bú Oyèbọ́lá. Juliana nìkan ni kò pè é mọ́ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ó pè é, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan láti fi dí i.

Oṣù Keje ni Oyèbọ́lá àti Ìyèbíyè tó tún pàdé. Oòrùn ràn ní Beresford Square, àwọn àtẹ ìsọ̀ kún fún èso, ilé ìtajà ńlá náà sì ti ní ẹyin tó kún dé òkè. Oyèbọ́lá ń yan tòmátò nígbà tó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ káàsán mà.”

Ó yíjú padà. Ọmọ náà ti rù díẹ̀, ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ṣáájú kí Oyèbọ́lá tó lè nawọ́ dá a dúró, Ìyèbíyè ti kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, lórí òkúta ọjà, bí ó ti kúnlẹ̀ nínú òjò lọ́jọ́ yẹn, kò dín, kò lé. Ìbá ṣe pé ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì mi orí lásán, Oyèbọ́lá ìbá ti lè gba ìwọ̀sí náà, ìbá sì ti mú un lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ohun tó tọ́ sí i.

“Dìde,” ni ó wí, omi ti bo ojú rẹ̀. “Dìde, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ jẹ́ kí n kí yín tán, mà,” ni Ìyèbíyè dáhùn, kò sì yára dìde.